Kí Ọmọ Lè Sọ Ohun Tí Ń Bẹ Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń bẹ̀rù pé bí a bá ń sọ Yorùbá fún ọmọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì kò ní yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìbẹ̀rù náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6. Wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti ìwé lọ. Kí ọmọdé tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ó yẹ kí ó mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é. Èdè wa sì ti fi ara ènìyàn ṣe àmì rẹ̀: inú ni ó ń bí ẹni tí a rẹ́ jẹ, ojú ni ó ń ti ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú, àyà ni ó ń já ẹni tí ẹ̀rù bà.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sọkún, ẹ má ṣe sáré pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi í pé, “Ṣé inú ń bí ọ ni, àbí ojú ń tì ọ́?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹkún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa wa pàápàá sọkún ní ibojì Lásárù. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé inú lè bí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ lu àbúrò rẹ̀. Bí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní Yorùbá, orúkọ kejì ni Gẹ̀ẹ́sì yóò kàn fi kún un. Bí ó bá sì da èdè méjèèjì pọ̀, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ tún gbólóhùn náà sọ fún un bí ó ti yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ìyá àgbà ń gbọ́ ẹkún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè tí ọmọ náà fi ń sọ ohun tí ó dùn ún, kò sì lè tù ú nínú. Àdánù ńlá nìyẹn fún àwọn méjèèjì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí á fi èdè méjèèjì ṣe àwọn ọmọ wa lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó jáde.