Ìrànlọ́wọ́ tàbí Ìlàjà? Ohun tí Ojú Etiópíà Rí láti 1935

Bí orílẹ̀-èdè alágbára kan bá gbé ogun wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, àwọn tí ó wà lókèèrè a máa pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan a ní kí a kó owó àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí ẹni tí a gbógun tì. Àwọn mìíràn a ní kí a wá bí ìjà yóò ṣe parí, nítorí pé òkú kò mọ ẹni tí ó jàre. Àwa olùkọ́ pàápàá ti sọ ọ́ di àkọlé àríyànjiyàn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́: apá kan yóò gbè sẹ́yìn ìrànlọ́wọ́, apá kejì yóò gbè sẹ́yìn ìlàjà, a ó sì fún ẹni tí ó borí ní máàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo ohun tí ojú Etiópíà rí, ilẹ̀ tí àwọn baba wa mọ̀ sí Abisíníà, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni àwọn alálàjà fi ń díwọ̀n àlàáfíà tí wọn yóò fi lọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935, àwọn ọmọ ogun Ítálì ré odò Mareb kọjá láti Eritrea, wọ́n sì wọ Etiópíà láìkéde ogun. Ìjà náà ní ìtàn lẹ́yìn. Ní 1896, ní Adwa, Ọba Menelik Kejì ti ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì, ìtìjú ọjọ́ náà kò sì kúrò lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ní 1923 Etiópíà ti wọ Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Geneva, Ítálì náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọ̀hún. Òfin kẹrìndínlógún ìmùlẹ̀ wọn sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá da ìmùlẹ̀ náà, tí ó sì gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ni ó bá jà. Ìlérí yìí ni Ọba Haile Selassie gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìrànlọ́wọ́ wo ni ó rí? Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti dá títa ohun ìjà fún ìhà méjèèjì dúró; Amẹ́ríkà náà ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1935 pé òun kò ní tà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jagun. Létí, ó dún bí òdodo. Ṣùgbọ́n Ítálì ní ilé iṣẹ́ tí ó ń rọ ìbọn tí ó sì ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Etiópíà kò ní. Bí a bá ti ọjà mọ́ ẹni méjì, tí ọ̀kan ní oko, tí èkejì kò ní, ta ni ebi yóò pa?

Lẹ́yìn tí Geneva dá Ítálì lẹ́bi, wọ́n gbà kí a máa ta ohun ìjà fún Etiópíà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ Ítálì nípa ọ̀rọ̀ ajé: wọn kò ní yá a lówó, wọn kò ní ra ọjà rẹ̀, wọn kò sì ní ta àwọn ohun kan fún un. Ẹ wo ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀: epo tí ọkọ̀ àti bààlúù ogun ń mu, èédú inú ilẹ̀, àti irin. Ipa-omi Suez, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà létí rẹ̀, kò tì fún ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Ítálì ń gbà kó ọmọ ogun kọjá, wọ́n ń san owó ibodè bí oníṣòwò. Ẹni tí à bá ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni àwọn alálàjà ti wọlé. Ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, Sir Samuel Hoare, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti Pierre Laval, olórí ìjọba Faransé, jókòó ní Paris, wọ́n sì pín Etiópíà lórí àwòrán ilẹ̀. Apá tí ó pọ̀ ní Tigre, àti ilẹ̀ gbígbòòrò ní Danakil àti Ogaden, yóò di ti Ítálì. Ní gúúsù, ilẹ̀ ńlá mìíràn yóò máa jẹ́ ti Etiópíà ní orúkọ, ṣùgbọ́n Ítálì ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ dó, tí yóò sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ní pàṣípààrọ̀, Etiópíà yóò gba ọ̀nà tóóró kan dé etí òkun, èyí tí ìwé ìròyìn The Times ti London fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀nà ràkúnmí ni. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n olórí kò sí ní Paris lọ́jọ́ náà, wọn kò sì ránṣẹ́ pè é. Ìgbà tí wọ́n pín in tán ni wọ́n tó wá ọ̀nà láti rọ̀ ọ́ kí ó gbà. Ó kọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà jò sétí àwọn oníwèé ìròyìn Faransé, ariwo sì ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí Hoare fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Laval ṣubú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn alálàjà wọ̀nyí. Wọ́n ní Hitler ń gbára jọ, àti pé bí a bá lé Mussolini, ọ̀dọ̀ Hitler ni yóò sá sí. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó ṣetán láti kú nítorí Etiópíà. Wọ́n ní kí ìdajì ilẹ̀ ṣẹ́ kù sàn ju kí gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi kò lè pe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí pé kò pé oṣù márùn-ún tí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Àwọn tí ó pariwo lé Hoare lórí jàre. Síbẹ̀ lẹ́yìn ariwo wọn, epo kò dẹ́kun láti máa ṣàn lọ sí Ítálì. Wọ́n fa ìwé àlàáfíà burúkú ya, wọn kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀bi tí ó wúwo jù lọ wà.

Nínú oṣù kejìlá yẹn kan náà ni Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í da afẹ́fẹ́ olóró sílẹ̀ láti òkè. Ogun ọba fọ́ ní Maychew ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1936; àwọn ará Ítálì wọ Addis Ababa ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Haile Selassie dúró ní Geneva, àwọn akọ̀ròyìn Ítálì ń fọn súfèé mọ́ ọn, ó sì fi èdè Amharic bèèrè èsì tí òun yóò mú padà lọ fún àwọn ènìyàn òun. Kí oṣù keje tó parí, wọ́n ti gbé ìyà náà kúrò lórí Ítálì.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn dé ọkàn kò ní agbára. Ní Èkó àti ní Accra, àwọn ènìyàn pé jọ, àwọn ìwé ìròyìn sì bu ẹnu àtẹ́ lu Ítálì. Ní London, WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1925, gbè sẹ́yìn Etiópíà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní ọkọ̀ ojú omi tàbí kànga epo.

Ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ dé nígbà tí ó di ọ̀ràn ẹni tí ó ń ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Ítálì bá Hitler wọ ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rántí Etiópíà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n ti ń jà nínú igbó láti 1936 kò jẹ́ kí iná náà kú, nítorí náà ni ẹni tí a ó ràn lọ́wọ́ fi wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó gba Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941, tí wọ́n sì wọ Harar ní oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ọdún márùn-ún géérégé, ọba padà wọ Addis Ababa.

Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá ni pa iná ilé kì í tètè lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó ti ọba; àdéhùn ọdún 1942 ni, lẹ́yìn rẹ̀ ti 1944, kí àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1947, nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà pẹ̀lú Ítálì ní Paris, ìlú kan náà tí Hoare àti Laval ti pín ilẹ̀, Etiópíà wà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn yòókù. Ítálì gbà láti san 25,000,000 owó dọ́là fún un. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà ní Ogaden. Ní 1948 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.