Nígbà tí Òrùlé Tuntun Bá ń Jò: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, irú ẹjọ́ kan a máa dé iwájú àwọn àgbà àdúgbò, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ọlọ́pàá ní gbogbo apá orílẹ̀-èdè yìí, láti Kàlàbá títí dé Kánò. Onílé kan ti gbé iṣẹ́ òrùlé fún agbaṣẹ́ṣe; a ti kan páànù; a ti san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó; ẹ̀ẹ̀rùn sì ti kọjá láìsí wàhálà. Òjò wá dé, omi gba inú àjà wọlé, ó ba ibùsùn àti ìwé jẹ́, ọ̀dà ara ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Onílé ní agbaṣẹ́ṣe ni ó jẹ̀bi. Agbaṣẹ́ṣe ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, òjò ọdún yìí kọjá agbára ẹ̀dá, ẹ̀yin náà ni ẹ sì yan páànù yẹn fúnra yín." Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ibo ni òfin dúró sí láàárín àwọn méjèèjì yìí?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ òfin, ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n omi tí òrùlé ń gbà mọ́ra. Bí òjò tí ó ga ní mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òró, lítà kan gééré ni omi rẹ̀. Ìlú Kàlàbá a máa rí òjò tí ó tó nǹkan bí 3,000 mìlímítà lọ́dún. Ti Kánò jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá mú òrùlé kan ní Kàlàbá, tí ó bo ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 20 ní òró àti mítà 10 ní ìbú. Omi tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá láàárín ọdún kan yóò tó 600,000 lítà, èyí tí yóò kún ọkọ̀ táńkà 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọwọ́ kan òjò gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó dé lójijì. Bí ìjì líle bá ṣí òrùlé gbogbo àdúgbò lọ, ti onígbàgbọ́ àti ti aláìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé mẹ́wàá bá wà ní òpópónà kan, tí ọ̀kan ṣoṣo sì ń jò, ó ṣòro láti di ẹ̀bi náà ru òjò.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé kò pọ̀, àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ sì mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Páànù onígbì ní òkè ó sì ní àfonífojì, orí òkè rẹ̀ ni a sì ń kan ìṣó sí, nítorí pé inú àfonífojì ni omi ń gbà ṣàn lọ. Oníṣẹ́ tí ó bá ń kánjú, tàbí tí ó rán ọmọ iṣẹ́ sí orí òrùlé tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀, yóò bá ìṣó mélòó kan nínú àfonífojì lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Rọ́bà kékeré kan sì wà tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí, tàbí bí oòrùn bá ti jẹ ẹ́ nítorí pé kò dára láti ilẹ̀, omi yóò bá ihò ìṣó wọlé. Ibi tí páànù kan ti gun orí èkejì náà ń kọ́? Bí wọn kò bá gun ara wọn tó, tí òrùlé náà sì tẹ́jú jù, afẹ́fẹ́ yóò ti omi padà sókè, yóò sì gba ibẹ̀ wọ inú àjà. Àṣà tí ó gbòde ní àwọn ìlú ńlá wa nísinsìnyí, pé kí a fi ògiri yí òrùlé ká kí páànù má baà hàn sí ìta, tún dá kún ọ̀ràn náà. Gọ́tà tí a mọ sí ẹ̀yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni gbogbo omi òrùlé ń wọ́ lọ. Bí ewé bá dí i, tàbí bí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ bá sán, kò sí ibòmíràn tí omi lè gbà bí kò ṣe inú ilé. Mo rò pé ẹwà náà wọ́n wa ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé ibi tí omi ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tí ihò wà. Omi lè bá páànù wọlé ní òkè yàrá ìgbàlejò, kí ó tẹ̀ lé igi òrùlé lọ síwájú, kí ó sì wá kán sórí ibùsùn ní yàrá mìíràn. Onílé yóò nawọ́ sí òkè ibùsùn. Agbaṣẹ́ṣe yóò gun òkè lọ, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, yóò sì sọ pé irọ́ ni. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a máa fi rọ́bà omi dán òrùlé wò ní ọjọ́ tí oòrùn ràn: wọn a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọn a da omi sí apá kékeré kan fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ẹnì kan wà nínú àjà tí ó ń wòye, kí wọn tó sún sókè. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn kọjá ibi gbogbo, a kò sì ní mọ èwo ni ó jẹ̀bi. Ó dára kí onílé àti agbaṣẹ́ṣe jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ohun tí ojú méjèèjì bá jọ rí kì í pẹ́ yanjú.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé onílé ni ó yan páànù, ẹjọ́ kan wà tí ó ṣe kókó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan tí ó ń kọ́ ilé fún títà gbé iṣẹ́ òrùlé fún ilé iṣẹ́ Young & Marten, wọ́n sì dárúkọ irú alẹ́mọ́ òrùlé tí àwọn fẹ́, èyí tí a ń pè ní Somerset 13, tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ dáradára. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú alẹ́mọ́ náà láti ibi tí a ti ṣe é, èyí tí ojú kò lè rí, nígbà tí ojú ọjọ́ sì bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé House of Lords, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ nígbà náà, ní ọdún 1968. Àwọn adájọ́ sọ pé nítorí tí onílé ni ó yan irú alẹ́mọ́ náà, agbaṣẹ́ṣe kò ṣe onídùúró pé irú rẹ̀ yóò bá iṣẹ́ náà mu. Síbẹ̀, ó ṣe onídùúró pé èyí tí òun bá kó wá yóò jẹ́ ojúlówó tí kò ní àléébù. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ bá ọgbọ́n mu. Onílé lè mú agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe lè mú ẹni tí ó tà á fún un, ẹni yẹn náà yóò sì mú ẹni tí ó ṣe é, títí ẹ̀bi yóò fi padà sí ilé rẹ̀. Bí a bá já okùn náà ní ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, onílé yóò dá nìkan jìyà.

Ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò de ilé ẹjọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ wa a máa tẹ́tí sí i, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni a ti jogún òfin àdéhùn wa. Kí àwọn onílé sì ṣàkíyèsí ohun kan. Agbaṣẹ́ṣe tí ó kó alẹ́mọ́ wá ni ẹjọ́ yìí ń sọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ń lọ sí ọjà fúnra wa, tí a ń dúnàá-dúrà títí a ó fi ra páànù tí ó fẹ́lẹ́ jù, tí a ó wá pe káfíńtà láti wá kàn án. Bí páànù náà bá jẹrà, ẹni tí ó tà á ni kí a wò, kí í ṣe káfíńtà, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ́ nínú bí ó ti kàn án. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò ra páànù, àti bí yóò ti nípọn tó: páànù tí ó nípọn ní 0.45 mìlímítà kò jọ ti 0.55 bí a bá fi ohun èlò wọ̀n wọ́n, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Ohun tí onílé sábà máa ń ṣe, bí òrùlé bá ti jò, ni pé kí ó di owó tí ó kù mú. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? Ìwọ̀n àṣìṣe ni yóò sọ. Ní ọdún 1952, nínú ẹjọ́ Hoenig àti Isaacs, iṣẹ́ £750 ni a ṣe sí yàrá kan, àléébù tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì ju £56 lọ. Ilé ẹjọ́ ní kí onílé san owó tí ó kù, kí ó yọ iye tí yóò fi tún àléébù náà ṣe kúrò. Ní ọdún 1972, nínú ẹjọ́ Bolton àti Mahadeva, ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru ni a ṣe ní £560, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì gbà £174; ilé náà kò móoru bí ó ti yẹ, èéfín sì ń wọ yàrá. Ilé ẹjọ́ ní agbaṣẹ́ṣe kò ní gba kọ́bọ̀. Òrùlé tí ìṣó mẹ́ta péré ń jò lórí rẹ̀ súnmọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí kò gba ilé là lọ́wọ́ òjò rárá súnmọ́ èkejì.

Ibùsùn àti ìwé tí ó bàjẹ́ ńkọ́? Láti ọdún 1854, nínú ẹjọ́ Hadley àti Baxendale, ni a ti fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹni tí ó da àdéhùn yóò san owó ohun tí ìdàlẹ̀ náà máa ń fà bá a ti mọ̀ ọ́n, tàbí èyí tí àwọn méjèèjì ti ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Àjà, ògiri àti ibùsùn wà nínú èyí, nítorí pé ta ni kò mọ̀ pé ènìyàn ń sùn nínú ilé? Ṣùgbọ́n bí onílé bá kó ẹrù ọjà olówó iyebíye pa mọ́ sínú yàrá láìsọ fún agbaṣẹ́ṣe, ó lè má rí owó rẹ̀ gbà. Bákan náà, òfin kò fẹ́ kí onílé káwọ́ gbera máa wo omi. Kí ó gbé ẹrù kúrò, kí ó fi tapólì bo ibẹ̀, kí ó ya fọ́tò, kí ó sì kọ ìwé sí agbaṣẹ́ṣe kí ó wá wò ó, kí ó tó pe ẹlòmíràn láti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú páànù ti pa ẹ̀rí ara rẹ̀ run.

Ọlọ́pàá kọ́ ni a ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó da àdéhùn. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ pé kí a ṣe iṣẹ́ fún un bí ó ti yẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè ní kí a tún un ṣe, tàbí kí a dá apá tí ó tọ́ nínú owó rẹ̀ padà. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù ₦5 lọ, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n iye owó tí a mọ̀ pàtó ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀: bí agbaṣẹ́ṣe bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò dá iye kan padà, ibẹ̀ ni kí a gbé e lọ, bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ni yóò ṣírò bí ìbàjẹ́ ti pọ̀ tó, ilé ẹjọ́ mìíràn ni yóò gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ àdéhùn bẹ́ẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ti wọn. Láti ọjọ́ tí a ti da àdéhùn ni a sì ń kà á, èyí tí ó sábà jẹ́ ọjọ́ tí a parí iṣẹ́ tí kò dára náà, kí í ṣe ọjọ́ tí onílé kọ́kọ́ rí omi lórí ibùsùn.