Kẹ̀kẹ́ kan fún títì àti ọ̀nà oko

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ olówùú, bí owó òwú bá wọlé, ọ̀pọ̀ nínú yín á fẹ́ ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan náà ni yóò gba orí ọ̀dà lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, òun náà ni yóò gba iyanrìn àti ẹrẹ̀ dé oko.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa sáré lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n iyanrìn a gbé e mì. Èyí tó fẹ̀, tó léyín ńláńlá, a máa di ilẹ̀ mú, àmọ́ ó wúwo fún ẹsẹ̀ lórí títì, eyín rẹ̀ a sì tètè jẹ. Ẹ mú ti àárín, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tí eyín wà létí. Bí ẹ bá rí 26 × 1.75 lára rẹ̀, ó tó: 26 ni gíga, 1.75 ni fífẹ̀, ní íǹṣì.

Ẹ fún un lẹ́fẹ́ẹ́ kó le fún títì. Bí ẹ bá dé iyanrìn, ẹ tú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ẹ má tú u jù, kí ríìmù má baà gé tíúbù. Ẹ mú pọ́ǹpù lọ́wọ́.

Àlàfo tó wà láàárín táyà àti irin ńkọ́? Kí ìka kan lè wọ̀ ọ́, nítorí ẹrẹ̀ pupa a máa dì síbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ onísípíríǹgì wu àwọn ọ̀dọ́. Olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ wúwo, ó sì ń jẹ agbára ẹsẹ̀. Irin lásán dára jù: bó bá kán, alurinmọ́rin ìtòsí lè jó o.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ẹrù lé e, ẹ gùn ún, kí ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì. Oògùn òwú kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ wọ apẹ̀rẹ̀ kan náà.