Ẹ Ṣọ́ra Bí Ẹ Bá Ń Pààrọ̀ Bẹ́líìtì Aago Nílé

Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ́ṣọ́ l'Ékòó, kò ṣòro láti rí ẹni tó ń tún aago ṣe. Síbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí bẹ́líìtì aago ọwọ́ wọn bá ti já, ọ̀bẹ ìdáná tàbí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń nawọ́ sí. Wọ́n rò pé owó díẹ̀ ni àwọn fi pamọ́; wọn kò mọ̀ pé ojú ara wọn ni wọ́n fi ń wewu.

Kí ló mú ewu bá ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan ló so bẹ́líìtì mọ́ ara aago. Sípíríìnì kékeré wà nínú ọ̀pá náà, òun ló ń ti ẹnu rẹ̀ síta kí ó lè wọ ihò tó wà lára aago. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti ẹnu yìí wọlé. Bí irinṣẹ́ bá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, sípíríìnì náà yóò nà lójijì, ọ̀pá náà yóò sì ta jáde bí òkò kànnàkànnà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kékeré báyìí yóò ti gbé ojú sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Bí irin bá ta síni lójú, ẹ má ṣe fọwọ́ ra á, ẹ má ṣe kán omi ṣúgà, omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí i, ẹ má sì fa irin tó bá há síbẹ̀ yọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ti ìjọba wà ní Ìgàndo.

Ewu tún wà fún àwọn ọmọdé. Ọ̀pá tó bá já bọ́ sílẹ̀ lè di ohun tí ọmọ tó ń rá kò sẹ́nu. Bátìrì pẹlẹbẹ inú aago ló wá burú jù. Bí ọmọ bá gbé e mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 ó lè jó ibẹ̀ gidigidi. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fipá mú un bì. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wọn àyè bẹ́líìtì náà. 18, 20 tàbí 22 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Èyí tó bá tóbi jù yóò tẹ ọ̀pá náà, aago sì lè já bọ́ nínú ọkọ̀ láìfura. Kí ó ra irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì, kí ó da ojú aago dé sórí aṣọ tó nípọn, kí ó wọ awò ojú, kí ó sì fi àtàǹpàkò bo ọ̀pá náà kó má baà ta. Tó bá parí, kí ó fa bẹ́líìtì náà wò. Ṣéènì onírin tó gba òòlù, kí ó gbé e lọ fún oníṣẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́líìtì wà lọ́jà. A kì í ra ojú lọ́jà.