Èrò Ọkọ̀ Ojú Irin àti Ẹ̀rọ Tí Ń Kọrin sí Wọn Létí

Ní ìlú Tókíò, olú-ìlú ilẹ̀ Jàpáàn, èrò a máa kún inú ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró kì í fi í rí àyè yí ẹsẹ̀ padà. Síbẹ̀, inú ọkọ̀ náà a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ a máa bẹ èrò pé kí wọn pa ohùn fóònù wọn, kí wọn má sì fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Nítorí náà, olúkúlùkù a tẹjú mọ́ ohun ọwọ́ rẹ̀: ẹnì kan ń ka ìròyìn, èkejì ń ta ayò lójú fóònù, ẹ̀kẹta ti fi ohun ìgbọ́rọ̀ dí etí, orin ni ó ń gbọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti mú rédíò kékeré tí a lè gbé kiri jáde. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pe rédíò láyé àtijọ́. Ní báyìí, ẹni tí ń gbọ́ ọ pàápàá kì í fèsì bí a bá kí i. Ní oṣù keje ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ kan náà mú Walkman jáde, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè fi há ìgbànú. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, rò pé kò yẹ ọmọlúàbí kí ó máa dá orin gbọ́ lójú ẹni tí ó jókòó tì í. Ihò méjì ni wọ́n sì dá sí ẹ̀rọ náà, kí ènìyàn méjì lè jọ máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àdágbọ́ ni àwọn olùrà fẹ́, ihò kejì sì di ohun ìgbàgbé nígbà tí ó yá.

Ewu kan wà nínú àdágbọ́ yìí. Ariwo irin a máa bo orin mọ́lẹ̀, èrò a sì gbé ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sókè láì fura. Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn ohun tín-ín-tín kan wà bí irun, àwọn ni ó ń gba ohùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo líle a máa pa wọ́n, èyí tí ó bá sì ti kú kì í tún hù mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tí ó dàgbà lè gbọ́ ohùn tí ó tó 80 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ láìséwu. Bí ohùn náà bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹni tí ó bá ń fi wákàtí kan lójoojúmọ́ gbọ́ irú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti ré kọjá ààlà kí ọjọ́ Ẹtì tó parí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nílé. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láàrin Marina àti Mile 2 ní ìlú Èkó, Red Line sì tẹ̀lé e ní ọdún 2024. Ó dára kí èrò ti díwọ̀n ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ nílé, níbi tí ó dákẹ́, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra. Ohun ìgbọ́rọ̀ tí ó bá etí mu dáadáa a máa dènà ariwo ìta, kì í jẹ́ kí a gbé ohùn sókè. Bí etí bá ń hó yee lẹ́yìn tí a bọ́ sílẹ̀, ohùn náà ti pọ̀ jù. Bí híhó náà kò bá sì lọ, kí a lọ rí dókítà. Ní ibùdókọ̀, kí a yọ ọ́ kúrò létí pátápátá, nítorí ẹni tí ó dí etí méjèèjì kò lè gbọ́ ìkìlọ̀ òṣìṣẹ́ bí ọkọ̀ bá ń bọ̀.