Owó ẹyọ àti iyùn kì í ṣe òkúta o: Ẹran ẹlẹ́mìí inú òkun ni wọ́n

Bí wọ́n bá gbé fíìmù nípa àwọn ẹran inú òkun sórí tẹlifíṣọ̀n, kì í pẹ́ tí ẹnì kan nínú ilé á fi sọ pé, "Irọ́ ni jàre, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é." A ò lè dá wọn lẹ́bi. Láti Òmù-Àrán dé etí òkun l'Èkó ju 250 kìlómítà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì fojú kan òkun rí.

Àmọ́ òótọ́ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi hàn. Ẹ wo fíìmù "My Octopus Teacher" tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2021. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti yà á, nínú òkun ẹ̀gbẹ́ Cape Town. Octopus yìí ní apá mẹ́jọ àti ọkàn mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ búlúù. Tí ẹja apanijẹ bá ń lé e, á fi apá ṣa ìkarahun jọ, á fi bo ara rẹ̀ bí ẹni da aṣọ bora. Ẹni tó bá ní kò ṣeé gbà gbọ́, kó lọ bi àwọn apẹja odò tiwa léèrè nípa òjìjí. Iná tó ń jáde lára ẹja yẹn lè tó 350 volt. Iná ilé wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá, bíi 240 ni.

Èyí tó yẹ kó yà wá lẹ́nu jù ni pé ohun ìyanu òkun ti wọ ilé wa tipẹ́. Owó ẹyọ, ìkarahun ìgbín òkun ni. Nígbà tó bá wà láàyè, inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò sì jìn ló ń gbé. Ẹran ara rẹ̀ máa ń yọ láti ọ̀tún àti òsì, á bo ìkarahun náà mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dán. Nígbà tó bá ṣì kéré, ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu bíi ti ìgbín tiwa. Tó bá dàgbà tán, ẹnu náà á ká sínú, á yọ eyín. Eyín yẹn là ń rí lára owó ẹyọ.

Kì í ṣe òkun Èkó ló ti wá o. Erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n á ju imọ̀ àgbọn sínú omi, àwọn ìgbín náà á so mọ́ ọn, wọ́n á wá fà á sókè. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, débẹ̀ lọ́dún 1343. Nígbà tó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, ó bá owó ẹyọ kan náà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀. Torí pé ẹnikẹ́ni ò lè lọ ṣà á létí òkun tiwa ló ṣe ṣeé fi ṣe owó.

Títí di òní, a ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan ni àpò owó ẹyọ kan, 20,000 ẹyọ, tí ìwúwo rẹ̀ lé ní 20 kílò. Tí oníròyìn orí rédíò bá wá sọ pé "àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà," ìyẹn mílíọ̀nù kan, àpò ìkarahun ìgbín òkun 50 ló ń kà fún yín yẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá tó korò. Àwọn Potogí, àwọn ará Họ́láńdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etí òkun wa, wọ́n sì fi ra èèyàn. Wọ́n ń ka ìkarahun fún ẹni tó mú ẹrú wá, wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Láti bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì tún ń kó èyí tó tóbi jù ú lọ wá láti Zanzibar. Ó pọ̀ débi pé owó ẹyọ di yẹpẹrẹ, ẹni tó ti tọ́jú tirẹ̀ pa mọ́ sì pàdánù. Irú ohun tí à ń fojú ara wa rí pẹ̀lú náírà náà ni.

Iyùn ńkọ́? Òun náà kì í ṣe òkúta. Eegun àwọn ẹran kéékèèké tó ń gbé pọ̀ nísàlẹ̀ òkun ni. Iyùn pupa gidi, èyí tó ń wá láti òkun àárín Yúróòpù àti Áfíríkà, kì í sanra tó mílímítà kan láàárín ọdún kan. Ẹ wá ro iye ọdún tó wà lọ́rùn ọba kan ṣoṣo.

Àwọn ìbátan iyùn ló kọ́ ilé tí ìgbín owó ẹyọ ń gbé, ilé náà sì ń kú lọ. Òkun ń gbóná. Lọ́dún 1998 àti 2016, ooru omi mú kí èyí tó pọ̀ ní Maldives funfun báláú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì kú.

Tí ọmọ bá tún bi yín pé ṣé òótọ́ ni ohun tó rí nínú fíìmù, ẹ fi owó ẹyọ kan lé e lọ́wọ́. Ẹ ní kó yí i padà, kó wo ẹnu rẹ̀, kó ka eyín rẹ̀. Ohun tó ti jẹun rí, tó ti rìn rí, nìyẹn.