Bí Kòkòrò Kékeré Ṣe Gba Odò Ouémé Lọ́wọ́ Gbéborùn

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, ewé àjèjì kan bá omi wọ Àgbádárìgì láti apá Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ewé náà tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán, ó sì fúyẹ́ lójú omi nítorí pé afẹ́fẹ́ kún inú ọ̀pá ewé rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò tó dùn ún wò. Kò sí aṣọ́bodè tó lè dá a dúró. Kí ọdún 1990 tó dé, ó ti tẹ́ lọ bí ẹní lórí ọ̀sà Èkó, ó sì ti dé etí omi àwọn Ìlàjẹ àti àgbègbè Niger Delta.

Òyìnbó ń pè é ní water hyacinth. Àwọn Yorùbá kan ń pè é ní gbéborùn.

Àgbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbéborùn ti ṣẹ̀ wá. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló mú kí àwọn èèyàn máa gbé e láti ọgbà dé ọgbà, láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, títí ó fi bọ́ sínú àwọn odò tí kò ti ní ọ̀tá kankan. Níbi tí omi bá ti lọ́ràá, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èso rẹ̀ a sì máa sùn sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dé bí ogún, kó tó hù. Ẹni tó bá kó o kúrò lójú omi lónìí kò tíì kó irú rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀.

Ojúoró àti òṣíbàtà ti wà lórí omi wa tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ti gbéborùn yàtọ̀. Tí ó bá ti bo odò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi yóò dín kù, ẹja yóò sì sá tàbí kí ó kú. Àwọ̀n apẹja yóò há. Ọkọ̀ àwọn obìnrin tó ń gbé ẹja àti oúnjẹ oko lọ sọ́jà kò ní rí ọ̀nà kọjá. Abẹ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀fọn àti ìgbín omi tó ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá kiri ń fara pamọ́ sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń rí sí sáyẹ́ǹsì pe àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ oríṣiríṣi jọ sí Èkó lórí ọ̀rọ̀ ewé yìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́gun rẹ̀, àti bóyá ó ní ìwúlò kankan. Nígbà náà, ọwọ́, àdá àti ẹ̀rọ ni ohun ìjà tó wà nílẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, òógùn jáde lára, ṣùgbọ́n ìyókù tó bá ṣẹ́ kù yóò tún pọ̀ sí i, òmíràn yóò sì tún bá omi wá láti òkè odò.

Ọ̀nà mìíràn ṣí láti ọ̀dọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tó sì ní ẹ̀ka ní Abomey-Calavi nítòsí Kútọ̀nú. Iṣẹ́ irú èyí kò ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tí kòkòrò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà, IITA lọ wá agbọ́n tíńtín tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Ẹ̀gẹ́ yè. Hans Herren, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995 nítorí rẹ̀. Ìbéèrè tó kàn wá rọrùn: ta ni ọ̀tá gbéborùn nílé?

Kòkòrò méjì ni, ìbátan àwọn tó ń lu àgbàdo nínú àká. Orúkọ wọn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi. Amẹ́ríkà ti tú wọn sílẹ̀ láti ọdún 1972, Sudan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1978, lẹ́yìn ìdánwò tó fi hàn pé wọn kì í ba irè oko jẹ́. IITA àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Benin tú àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1991, wọ́n sì tú èkejì sílẹ̀ ní 1992.

Kòkòrò náà kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún lọ. Òru ló máa ń jẹun, á máa họ ojú ewé títí tí àpá yóò fi kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdin rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ìdin náà á gbẹ́ ihò wọ inú ọ̀pá ewé, á jẹ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí ewé tuntun ti ń yọ. Omi á gba ihò náà wọlé, gbéborùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, á wúwo, á sì rì.

Iṣẹ́ yìí kì í yá. Ní Tévèdji, lórí odò Ouémé ní Benin, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n tú kòkòrò sílẹ̀ sí, gbéborùn bo gbogbo ojú omi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló kù.

Àwọn onímọ̀ tí Hugo De Groote ṣáájú fẹ́ mọ ohun tí èyí já mọ́ nínú àpò àwọn ará ìlú. Wọ́n dé abúlé 24 ní gúúsù Benin, wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin àti obìnrin 365 lẹ́nu wò, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2003. Nígbà tí gbéborùn gbóná jù, ó ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún lọ́wọ́ àwọn èèyàn bíi 200,000. Ẹja pípa ni ti àwọn ọkùnrin, ọjà ẹja àti oúnjẹ oko ni ti àwọn obìnrin. Mílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé díẹ̀ ni owó tó lọ sórí gbogbo iṣẹ́ kòkòrò náà. Èrè tí wọ́n ṣírò fún ogún ọdún jẹ́ mílíọ̀nù 260 dọ́là, ìyẹn 124 dọ́là lórí dọ́là kan.

Síbẹ̀, nínú mílíọ̀nù 84 dọ́là tó ń bọ́ lọ lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 30.5 ni kòkòrò dá padà. Kò tó ìdajì. Ibi tí ọ̀rọ̀ fi ju ti kòkòrò lọ nìyí.

Oúnjẹ gbéborùn ni omi ìgbọ̀nsẹ̀, ìdọ̀tí ìlú àti ajílẹ̀ tí òjò ń gbá láti oko. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, ewé náà yóò máa hù ju bí kòkòrò ti lè jẹ ẹ́ lọ. Ní adágún Hartbeespoort ní Gúúsù Áfíríkà, tí omi ìdọ̀tí Johannesburg ń ṣàn sí, ohun tó fi ìyà jẹ àwọn tó gbójú lé kòkòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Èyí tó bá sì kú sínú omi, bí ó bá ti ń rà ni yóò máa dá ọ̀rá tó jẹ padà fún èyí tó ń bọ̀.

Iyọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti gbẹ́ ọ̀nà omi gba Kútọ̀nú sí òkun ní 1885, omi iyọ̀ máa ń wọ ọ̀sà Nokoué nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì pa gbéborùn tó wà níbẹ̀. Kòkòrò tó wà lára rẹ̀ á bá a lọ. Tí òjò bá dé, odò Ouémé àti odò Sô á tún gbé gbéborùn tuntun wá. Báyìí náà ló rí ní ọ̀sà Èkó. Nítorí náà, òkè odò ló yẹ kí kòkòrò ti máa ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ àti ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ níbi tí iyọ̀ ń dé. Bí awakọ̀ ẹ̀rọ kò bá sì mọ ibi tí onímọ̀ tú kòkòrò sí, yóò kó kòkòrò mọ́ ewé, iṣẹ́ ọdún mélòó kan yóò sì di òfo.

Àwọn kan ti fi hàn pé ewé tí a kó kò yẹ kó jẹrà sí etí omi. Ní Àjàṣẹ́, ibùdó Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń fi í ṣe gáàsì ìdáná. Ní Ìbàdàn, Achenyo Idachaba kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun gbéborùn gbígbẹ lọ́wọ́ ahunṣọ́nà kan ní Sábó, ó sì dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, tó ń fi í ṣe agbọ̀n àti ohun èlò ilé. Ewé tó bá kúrò nínú omi lọ́nà báyìí ń gbé ọ̀rá tó wà nínú omi lọ pẹ̀lú.

Ohun tó kù ni kí odò padà di odò: kí igi mangrove padà sí etí rẹ̀ kí ẹja lè rí ibi fara pamọ́ sí, kí a sì ya ìdọ̀tí kúrò nínú omi. Ìjọba Èkó, Ògùn, Oǹdó àti ti Benin gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ lórí èyí, pẹ̀lú àwọn apẹja àti àwọn ọlọ́jà tí omi jẹ́ ọ̀nà wọn, kí òṣìṣẹ́ apá ìhín mọ ohun tí ti apá ọ̀hún ń ṣe. Omi Àjàṣẹ́ ṣì ń ṣàn wọ Àgbádárìgì.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà létí omi, ẹ má ṣe da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, ẹ má sì gbé òdòdó gbéborùn lọ sí ọgbà nítorí ẹwà rẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ fà á tu kó tó so, kí ẹ sì kó o jìnnà sí omi.